Aṣọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tíì Wọ̀ Rí

Bí wọ́n bá gé okùn ara bẹ́lì, ìyẹn ìdì ńlá aṣọ òkìríkà, òórùn kan máa ń jáde. Kì í ṣe òórùn ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe ti ọṣẹ. Ó dà bí òórùn yàrá tí wọ́n ti tì pa tipẹ́tipẹ́, tí ẹnì kan wá ṣàdédé ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Gbogbo àwa tá à ń ta òkìríkà la mọ̀ ọ́n. Ó ti wọ èmi lára débi pé ìyá mi á ti mọ̀ pé mo wọlé kí n tó lanu kí wọn.

Ìyànà Ọ̀fà ni mo ti ń tà á, létí títì, lórí tàpólì kan tí mo máa ń tẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀. Kíláàsì kẹta nílé ìwé sẹ́kọ́ńdírì ni mo wà tí bàbá wa fi kú. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo lè ka èyí tó bá wà lára aṣọ, ìyẹn náà sì tó iṣẹ́ mi. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kí n má gba aṣọ gbọ́. Wọ́n ní aṣọ ò lẹ́nu, àmọ́ irọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí aṣọ sódì, bí wọ́n ṣe ń wo abẹ́ apá rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń na ìdí ṣòkòtò sókè kí oòrùn lè fi ibi tó ti ń já hàn. Wọ́n sì kọ́ mi ní ti lébù, ìyẹn aṣọ pélébé tí wọ́n ń rán mọ́ ọrùn, tí orúkọ ẹni tó ṣe é máa ń wà lára rẹ̀. Ọ̀gá mi ní agolo mílíìkì kan tó kún fún lébù tí wọ́n tú kúrò lára aṣọ gidi tó ti ya. Bí aṣọ tí kò lórúkọ bá dé, wọ́n á wá orúkọ fún un nínú agolo yẹn. Èmi ni mo máa ń fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ ọn. Ọwọ́ mi yá níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n wo orúkọ tó wà lọ́rùn aṣọ, kì í ṣe orúkọ ni mo máa ń wò, ojú abẹ́rẹ́ ni, àwọn ihò tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá.

Àṣà kan sì wà nínú agbo ilé wa. Aṣọ tá ò bá mọ ibi tó ti wá kì í kan ara ènìyàn kó tó kan iyọ̀. Àwọn àgbà ilé ń pe òkìríkà ní aṣọ òkú òyìnbó, wọn kì í sì í fi ṣeré. Wọ́n á gbé omi kaná, wọ́n á da iyọ̀ sí i, wọ́n á rẹ aṣọ náà sínú rẹ̀ títí omi á fi tutù, wọ́n á wá sá a sínú oòrùn lódìlódì. Ìyá mi ní iyọ̀ ló ń lé ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ jáde. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí aṣọ kan tí èmi tàbí àbúrò mi obìnrin fi dàgbà tí kò kọ́kọ́ mu iyọ̀.

Àbúrò mi yìí nìkan ni mo ní. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níléèwé aládàáni kan tí kò jìnnà sí abúlé wa ní Lágelú. Inú bẹ́lì mi ni gbogbo aṣọ rẹ̀ ti ń jáde, ó sì mọ̀ ọ́n lò. Á mú ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tó tóbi, á gé apá rẹ̀, á fún ìbàdí rẹ̀, á sọ ọ́ di gáùn. Á mú kọ́tìnnì olódòdó, á fi ṣe síkẹ́ẹ̀tì. Tó bá ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ á fọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n á ní, "Àǹtí tíṣà, níbo lo tún ti rí èyí rà?" Á rẹ́rìn-ín, kò ní dáhùn. Inú mi máa ń dùn. Mo rò pé inú tirẹ̀ náà ń dùn, àfi lọ́jọ́ kan tó fọwọ́ pa gáùn tó wọ̀ lára, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo aṣọ mi ló ti ní ẹlòmíì nínú rí?" Ẹ̀rín ni mo fi ṣe nígbà náà.

Ọkùnrin kan wá fẹ́ fẹ́ ẹ. Àwọn òbí ọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́ olóṣù nílé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn kan lápá Akínyẹlé, téèyàn bá ti kọjá Ṣáṣá. Ilé wọn ní géètì, ó ní koríko tí wọ́n ń bomi rin tí ẹran kankan kì í jẹ. Wọ́n ní kí ọmọ àwọn mú un wá lọ́jọ́ Sátidé kan kí àwọn rí i. Ẹ̀rù ba ìyá mi. Ẹ̀rù ba èmi náà. Àbúrò mi nìkan ni kò sọ̀rọ̀ ẹ̀rù. Ohun tó ń sọ ni pé lọ́jọ́ kan ṣoṣo yìí, òun ò ní wọ nǹkan kan látinú bẹ́lì lọ síwájú àwọn èèyàn yẹn.

Àárín ìgbà yẹn ni mọ́tò kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ní Ìyànà Ọ̀fà, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ agbóhùnjáde lé lórí. Ohùn inú rẹ̀ ń pariwo pé dìsáínà ńlá kan nígboro Ìbàdàn, ẹni tí à ń rí aṣọ rẹ̀ lára àwọn èèyàn ńlá lórí fóònù, ti pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ pọ́ọ́kú kan ní Adégbayì. Wọ́n ní aṣọ tuntun ni, orúkọ rẹ̀ wà lára wọn, owó wọn ò sì ní dá ẹnikẹ́ni níjì.

Ìyá tó ń ta ìkòkò àti ṣíbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi na ọrùn tẹ̀ lé mọ́tò náà títí ó fi yà.

"Ìyẹn ni pé ẹni tó ń ránṣọ fáwọn ọlọ́lá ti fẹ́ máa rán fún èmi náà?"

"Ìyá, ẹ má dá wọn lóhùn. Bí kìnnìún bá ní kí ewúrẹ́ wá bá òun jẹun, ṣebí ó yẹ kí ewúrẹ́ béèrè ohun tó wà nínú àwo."

"Ewúrẹ́ wo ló ń béèrè? Ó ti rí àwo tó ń dán." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Àbí tàpólì rẹ lo ń bẹ̀rù fún? Bí owó aṣọ tuntun bá ti fẹ́ bá ti aṣọ òkú dọ́gba, ta ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ?"

Ọ̀rọ̀ wọn bà mí níbi tó ń dùn mí. Àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́. Mi ò tíì rí i kí nǹkan ńlá dìde fúnra rẹ̀, kó wá bá tálákà nílé, kó má gbé nǹkan kan pa mọ́ sẹ́yìn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, àbúrò mi ti Adégbayì dé pẹ̀lú lailọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́. Kò jókòó. Kò mumi. Ó yọ gáùn kan jáde, ó nà án mọ́ra níwájú èmi àti ìyá mi. Láti ọrùn dé ìbàdí, ó funfun bí omi ògì. Láti ìbàdí dé ilẹ̀, àdìrẹ ni, aró rẹ̀ jinlẹ̀, ó ní àwọn ìlà róbótó-róbótó bí ìgbà tí òjò bá kán sójú omi.

Ó rẹwà. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nípa rẹ̀ nìyẹn.

"Mú un wá," ni mo wí.

"Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀," ó ní, ṣùgbọ́n ó gbé e fún mi.

Mo yí i sódì. Mo wo abẹ́ apá. Mo gbóòórùn rẹ̀. Òórùn bẹ́lì ò sí níbẹ̀, òórùn mìíràn kan tí mi ò dá mọ̀ ló wà níbẹ̀, bí ewé tó ti rà. Mo yí ọrùn rẹ̀ wò. Lébù wà níbẹ̀ lóòótọ́, orúkọ dìsáínà náà sì wà lókè gàdàgbà. Mo gbé e sún mọ́ iná, mo rí ojú abẹ́rẹ́: ìlà méjì. Wọ́n ti rán nǹkan kan síbẹ̀ rí, wọ́n tú u, wọ́n tún òmíì rán. Ọkàn mi ní, ṣé o rí i? Mo rí agolo mílíìkì ọ̀gá mi.

"Ta ló rà á fún ẹ?"

"Èmi ni mo rà á."

"Owó wo lo fi rà á?"

"Owó iṣẹ́ mi ni. Ṣé ẹ rò pé mo ta ọmọ iléèwé kan ni?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín sínú gèlè wọn. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé òun fẹ́ sọ fún mi pé dìsáínà tó ń rán aṣọ fún àwọn ẹni tí kì í bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ló jókòó tó rán èyí fún tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi.

"Kọ̀lábò ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ló ń jẹ́ kọ̀lábò?" ìyá mi béèrè.

"Màámi, ẹni ńlá àti ẹni kékeré ló pawọ́ pọ̀. Ẹni ńlá mú orúkọ wá, ẹni kékeré mú owó pọ́ọ́kú wá."

"Ta ló wá ń jèrè níbẹ̀?"

"Èmi ni," àbúrò mi dáhùn. Ó gba gáùn náà lọ́wọ́ mi, ó gbọn ọwọ́ mi kúrò lára rẹ̀ bí ẹni gbọn eruku. "Èyí, èmi ni mo máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì wọ̀ ọ́ rí. Mo wọ̀ ọ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù níwájú dígí, mo sì ní, ìwọ ni mo máa wọ̀ lọ."

Ó fi hángà gbé e kọ́ ìṣó nínú yàrá. Páálí pélébé kan wà tí wọ́n fi òwú so mọ́ ọn. Mo kà á. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́ pé omi tútù nìkan ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, kí wọ́n má sì pa á pọ̀ mọ́ aṣọ mìíràn. Ìyẹn náà tún mú mi fura. Mo ní aṣọ tó bá ń bẹ̀rù omi gbígbóná, nǹkan kan ló ń fi pa mọ́.

Títí wọ́n fi kírun ìdájí, mi ò yé ro ó. Mo ń wo ìyá ọkọ tí mi ò tíì rí rí, nílé onígéètì yẹn, tí wọ́n ń fi ìka méjì yí ọrùn aṣọ àbúrò mi wò, tí wọ́n sì rí ohun tí mo rí. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Mo ní ọmọ tí kò ní bàbá, èmi ni bàbá rẹ̀. Bí mo bá jẹ́ kó wọ irọ́ lọ síbẹ̀, èmi ni mo tàn án. Mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n ń gbá àgbàlá lọ́wọ́, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Bí ọkàn rẹ ò bá balẹ̀, ṣebí iyọ̀ wà nílé."

Àbúrò mi lọ síléèwé. Èmi ò lọ sọ́jà. Mo dáná, mo gbé omi kaná, mo bu iyọ̀ sí i, mo sì gbé gáùn náà kúrò lórí ìṣó. Mo já páálí pélébé yẹn sọnù. Mo ri aṣọ náà bọ inú omi, mo fi igi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Omi náà kọ́kọ́ pọ́n díẹ̀ bí omi tíì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Mo ní láti sọ bó ṣe rí: inú mi dùn. Mo ní ẹ wò ó, gbogbo ohun tó fi pa mọ́ ló ń jáde yìí. Mo tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń wo omi tó ń di aró, bí ẹni tó mú olè.

Ìgbà tó yá ni nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo ti ta àdìrẹ ayédèrú rí, èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde lókè òkun. O lè sè é lódidi ọjọ́, kò ní ṣí. Aró tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tẹ̀ kì í ṣí. Èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ rẹ̀ rẹ nínú ìkòkò ló máa ń ṣí nígbà àkọ́kọ́ tó bá kan omi. Òórùn ewé tí mi ò dá mọ̀ yẹn, òórùn ẹ̀lú ni, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró. Aṣọ náà ń sọ òtítọ́ fún mi nínú omi, èmi ń fi igi tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn.

Mo fà á jáde. Òkè rẹ̀ tó funfun bí omi ògì ti rí bí ojú ọ̀run tí òjò ṣú sí, ibì kan dúdú, ibì kan rú. Mo ṣan án, ó burú sí i. Mo sá a. Nígbà tó gbẹ, apá rẹ̀ ti sún kì. Síbẹ̀, ẹ má bínú sí mi, nǹkan kan nínú mi ṣì ń wí pé bóyá ọgbọ́n ẹ̀tàn àwọn tó tà á nìyẹn.

Àbúrò mi dé lọ́sàn-án. Ó rí i lórí okùn kó tó rí mi. Mo ti múra sílẹ̀ de igbe, mo ti kó ọ̀rọ̀ jọ. Kò ké. Ó lọ síbẹ̀, ó fọwọ́ kan apá rẹ̀, ó kan àyà rẹ̀.

"Ẹ fi iyọ̀ sí i?"

"Díẹ̀ ni."

"Màámi ní iyọ̀ ló ń lé ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ jáde. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi lẹ lé jáde." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u kúrò lórí okùn. "Ẹ ò tiẹ̀ bi mí. Ẹ kàn bi aṣọ."

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Adégbayì lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo sọ fúnra mi pé mo fẹ́ ra òmíì fún un, àmọ́ òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo ṣì fẹ́ mú wọn. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ní irú gáùn yẹn ti tán, kò sì dá òun lójú pé òmíràn ń bọ̀. Mo wá béèrè nípa ìlà abẹ́rẹ́ méjì yẹn.

"Lọ́rùn rẹ̀? Orúkọ dìsáínà nìkan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá wa ní àfi kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa náà wà níbẹ̀, ṣebí àwọn jọ ṣe é ni. Wọ́n bá tú gbogbo ẹ̀, wọ́n tún un rán." Ó fi ọrùn aṣọ mìíràn hàn mí. "Ẹ wò ó, òun ló wà nísàlẹ̀ yẹn."

Lóòótọ́ ó wà nísàlẹ̀, wẹ́wẹ́, lábẹ́ orúkọ ńlá. Lọ́jọ́ tí mo gbé ti àbúrò mi sún mọ́ iná, mi ò ka ìsàlẹ̀. Mo yí ṣẹ́ẹ̀tì kan wò, mo yí òmíì, mo yí òmíì. Ìlà méjì, ìlà méjì.

"Bọ̀ọ̀dá," ọmọbìnrin náà ní, "ṣé ọlọ́pàá aṣọ ni yín ni?"

Mo ní rárá. Mo jáde.

Nígbà tí mo délé, àbúrò mi ti mọ ohun tó máa ṣe. Ìyá àgbà kan wà lọ́nà Ẹ̀gbẹ́dá tó ṣì ń rẹ aró nínú ìkòkò. Ó ní òun á gbé e lọ kí wọ́n ri gbogbo rẹ̀ bọ̀ ọ́, lókè nílẹ̀, kí ó di àwọ̀ kan. Òun á tú ìṣẹ́tí rẹ̀ sílẹ̀ kó lè gùn. Apá tó sún kì, òun á gé e kúrú, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rán an. Mo ní kí n bá a gbé e lọ. Ó ká aṣọ náà mọ́ abíyá, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀."

Nígbà tó dé láti Ẹ̀gbẹ́dá, aṣọ náà ti dúdú, dúdú tó ń dán díẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Àwọn róbótó-róbótó ìsàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àfi kí èèyàn súnmọ́ ọn kó tó rí wọn. Mo ní ó dára. Òótọ́ ni mo sọ. Mi ò sì fọwọ́ kàn án. Ọ̀kánkán ibi tí mo dúró sí ni mo ti rí i pé lébù náà ti mu aró pẹ̀lú aṣọ. Kò sí orúkọ ńlá lára rẹ̀ mọ́, kò sí orúkọ kékeré.

Ọkùnrin rẹ̀ wá mú un lọ́jọ́ Sátidé. Ìrọ̀lẹ́ ni àbúrò mi padà dé. Ó kí wa, ó bọ́ aṣọ náà, ó gbé e kọ́, ó lọ pọnmi. Ìyá mi bi í léèrè, ó ní wọ́n ṣe òun dáadáa. Mo mọ ohùn tí èèyàn fi ń sọ "dáadáa" tí ó jẹ́ dáadáa. Èyí kọ́. Mo ń ṣọ́ ojú rẹ̀ bó ṣe ń jẹun. Mo ń ṣọ́ bó ṣe ń dáhùn fóònù. Mo ní bóyá wọ́n ti kọ̀ ọ́, kò kàn fẹ́ sọ. Ọjọ́ bíi mélòó kan kọjá bẹ́ẹ̀, tí èmi ń yí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sódì tí mi ò rí ojú abẹ́rẹ́ kankan. Nígbà tó yá, mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo bi í.

"Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn aṣọ náà," ó ní. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Wọ́n ní ta ló rán an. Mo sọ orúkọ dìsáínà náà. Wọ́n dìde, wọ́n wá sẹ́yìn mi, wọ́n yí ọrùn rẹ̀ wò. Bí ẹ ṣe máa ń yí i gan-an."

"Wọn ò rí nǹkan kan."

"Kí ni wọ́n fẹ́ rí? Wọ́n padà lọ jókòó, wọ́n ní, 'Ó dáa, ọmọ mi.' Ẹ mọ irú 'ó dáa' yẹn."

Mo mọ̀ ọ́n. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà tó bá ní iye báyìí làwọn rà á níbòmíràn.

"Kí lo wá sọ?"

"Mi ò sọ nǹkan kan. Kí n ní kí ni? Kí n ní ẹ̀gbọ́n mi sè é lóúnjẹ?" Ó ju òkúta kan sọnù nínú ẹ̀wà. "Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ sọ nílé wọn, wọ́n rò pé irọ́ ni. Ó ti tán."

Kò tán nínú mi. Mo ti ń bẹ̀rù pé wọ́n á rí irọ́ lára rẹ̀. Òótọ́ ló wọ̀ lọ síbẹ̀, èmi ni mo jẹ́ kí aró pa orúkọ òótọ́ náà rẹ́.

Wọn ò kọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, wọ́n wá sí agbo ilé wa fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, baba, ìyá, àti ọmọ wọn, pẹ̀lú ẹ̀bùn díẹ̀. A tẹ́ ẹní, a to àga, ìyá mi wọ lẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń lọ sí yídì lọ́dọọdún. Ìyá ọkọ jẹ́ obìnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀, ojú wọn kì í sáré. Wọ́n wo òrùlé wa, wọ́n wo ẹ̀gẹ́ tá a sá, wọ́n wo èmi. Mo gbé omi fún wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n ní kí Ọlọ́run bù kún mi. Ó yẹ kí n padà síbi tí mo jókòó sí. N kò padà.

"Màámi," ni mo wí fún ìyá ọkọ, mo kúnlẹ̀ orúnkún kan, "aṣọ tí àbúrò mi wọ̀ wá sọ́dọ̀ yín lọ́jọ́sí, òótọ́ ló sọ fún yín nípa ẹni tó rán an. Èmi ni mo fura sí i. Èmi ni mo fi omi gbígbóná àti iyọ̀ sè é tí wọ́n fi ní láti rẹ ẹ́ láró, tí orúkọ ara rẹ̀ fi pa rẹ́."

Àgbà ilé wa kan wúkọ́. Baba ọkọ wo ìyàwó wọn, wọ́n ní, "Aṣọ wo?"

Ìyá ọkọ ṣì ń wò mí. "Iyọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìṣe ilé wa ni."

"Ìwọ lo ń ta aṣọ ní Ìyànà Ọ̀fà?"

"Èmi ni, mà."

Wọ́n tẹ orí wọn síwájú, wọ́n fi ìka fa ọrùn bùbá wọn sẹ́yìn díẹ̀. "Ó yá, wá yí tèmi náà wò, ká mọ̀ bóyá mo jalè."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Baba ọkọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ láti ibi tí mo kúnlẹ̀ sí, ojú mi ti sáré lọ síbẹ̀ kí n tó mọ̀: ìrán rẹ̀ mọ́, ìlà kan ṣoṣo ni. Mo gbójú sílẹ̀. Mi ò mọ̀ títí di òní bóyá wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣọ náà, ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́ sì dùn, ohùn tó bá dùn tó bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí n sinmi.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bá àbúrò mi lẹ́yìn ilé, ó gbé àtẹ kan tó kún fún ife. Mo ti ń retí pé yóò dúpẹ́. Ojú rẹ̀ le.

"Ẹ tún ti ṣe é."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò bi mí."

"Mo sọ òótọ́ fún wọn ni. Ṣé kí n má sọ ọ́ ni?"

"Bóyá kẹ́ ẹ sọ ọ́. Bóyá kẹ́ ẹ má sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ mi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Aṣọ mi ni, ilé ọkọ mi ni. Mo ti fẹ́ máa wọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀ léraléra, kí wọ́n máa wò ó, kó má ṣí mọ́, kó má ya, títí àwọn fúnra wọn á fi sọ pé aṣọ gidi ni. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn. Ẹ ti wá bá mi sè é tán."

Àwọn ife náà ń dún wẹ́wẹ́ lórí àtẹ, ọwọ́ rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́. Mo na ọwọ́ kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ mi ti dé etí àtẹ náà kí n tó rántí. Mo dáwọ́ dúró.

"Ṣé kí n bá ẹ gbé e?"

Ó wò mí. Ó pẹ́ tó ń wò mí, ojú tí èmi fi ń wo aṣọ ló fi ń wò mí, ó yí mi sódì, ó wo abẹ́ apá mi, ó nà mí sí oòrùn. Mo dúró. Mo jẹ́ kó wò mí tẹ́rùn.

"Ẹ gbé e," ó ní. "Ẹ má fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n o."